Pírìntà wo ni kí n rà sílé? Ti kátíríìjì, ti táǹkì, lésà, àbí ti fọ́tò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n ní àwọn wà ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo, pírìntà méjì ló wà níwájú àwọn, owó ọ̀kan ò tó ìdajì owó èkejì, àwọn méjèèjì ń tẹ̀wé, àwọn méjèèjì ń ṣe fọ́tókọ́pì, àwọn méjèèjì ní wáífáì, "ṣé kí n kúkú gbé èyí tí owó ẹ̀ kéré, àbí kí lo rí sí i?" Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó, kí lẹ fẹ́ máa fi tẹ̀? Wọ́n ní gbogbo nǹkan. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń gbé lọ sí sẹkitéríàtì ní Abere, àti fọ́tò ìkómọ àbíkẹ́yìn wọn tó ti wà lórí fóònù láti ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí lórí bébà.

"Gbogbo nǹkan" yẹn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó mọ fọ́tò ṣe lè máà mọ ìwé ṣe, èyí tó mọ ìwé ṣe lè jẹ́ pé iná tó máa jẹ ò sí nílé yín. Owó tí wọ́n kọ sára páálí, owó àtiwọlé lásán ni, íǹkì tẹ́ ẹ máa rà lẹ́yìn ìyẹn, irú iná tẹ́ ẹ ní, àti iye ìgbà tẹ́ ẹ máa lò ó lóṣù, àwọn yẹn ló máa sọ bóyá ọjà lẹ rà àbí gbèsè. Èmi kì í ṣe ẹnjiníà o, mo kàn ti lo mẹ́ta nínú irú mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ yìí nínú ilé ni, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Kátíríìjì àti táǹkì

Èyí tí owó ẹ̀ kéré yẹn, ti kátíríìjì ni. Àpótí kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan kọ́lọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú HP DeskJet 2720, kátíríìjì 305 ló ń lò, àwọn HP fúnra wọn sọ pé dúdú ẹ̀ máa tẹ nǹkan bí ojú ìwé 120, kọ́lọ̀ ẹ̀ nǹkan bí 100. Kíláàsì ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọ 40. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ojú ìwé mẹ́ta fún ọmọ kan, 120 nìyẹn, kátíríìjì kan ti bá ìdánwò kan lọ, ìyẹn ìṣirò nìkan o, a ò tíì dé orí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bébà rímù kan jẹ́ 500, kó tó tán ẹ ti lo kátíríìjì dúdú mẹ́rin, ẹ ti ń wá ìkarùn-ún kiri. Ó ní èyí tó tóbi jù ú lọ tí wọ́n ń pè ní XL, ìlọ́po méjì ni ó fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ náà ò dúró síbi tó wà.

Nǹkan míì tún ni pé iye ojú ìwé tí wọ́n ń kọ sára páálí yẹn, ìwé tí lẹ́tà díẹ̀ wà lára ẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, íǹkì ò bo ju nǹkan bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bébà náà lọ. Fọ́tò ńkọ́? Fọ́tò máa bo bébà pátápátá, láti etí dé etí. Ẹ wá fojú inú wo ohun tí kọ́lọ̀ 100 yẹn máa dà bẹ́ ẹ bá ní kó tẹ fọ́tò ìgbéyàwó.

Kọ́lọ̀ yẹn tún wá ní àbùkù tiẹ̀, íǹkì mẹ́ta ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo, búlúù, pupa, yẹ́lò. Ọmọ yín á máa tẹ àwòrán ojú ọ̀run àti òkun fún iṣẹ́ àṣetiléwá, búlúù á tán, pupa àti yẹ́lò ṣì kún, ẹ ó sì ju gbogbo ẹ̀ nù. Àwọn kan máa ń fi síríǹjì rọ íǹkì sí i padà, èmi náà ti ṣe é, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ yín á dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta, tó bá sì lọ gbẹ nígbà tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, orí ẹ̀ tí íǹkì ń gbà jáde máa jóná torí ooru ló fi ń ti íǹkì jáde, íǹkì yẹn náà ló sì ń mú un tutù.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn, kátíríìjì ní ibì kan tó ti dáa ju táǹkì lọ. Lára irú kátíríìjì HP yìí, orí tó ń tẹ̀wé wà lára kátíríìjì fúnra ẹ̀, tó bá gbẹ, ẹ ra òmíì, orí tuntun ti dé nìyẹn. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó máa tẹ nǹkan bíi bébà mẹ́wàá lóṣù, tó tún máa kó kúrò ní yàrá tó háyà lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀ọ́ ra kátíríìjì, má dá ara ẹ láàmú. Ẹni tó ń tẹ ìbéèrè fún ọmọ 40 kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Táǹkì wá ni èkejì tí owó ẹ̀ ga. Epson EcoTank wà, Canon PIXMA tó ní lẹ́tà G níwájú nọ́ńbà ẹ̀ wà, HP Smart Tank wà, Brother náà ní tiwọn. Ìgò íǹkì lẹ máa ń dà sí i lára, ẹ máa fojú rí i látìta bó ṣe kù sí. Ọdún 2010 ni Epson gbé tiwọn jáde ní Indonéṣíà, torí wọ́n rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú pírìntà lọ sínú ìgò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá ti dé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà àtijọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé-iṣẹ́ kúkú wá sọ ọgbọ́n ọjà di ti ara wọn.

Epson L3250, ìgò dúdú kan, ojú ìwé 4,500 ni wọ́n sọ pé ó máa tẹ̀. Kọ́lọ̀ mẹ́ta papọ̀, 7,500. Ẹ pín 4,500 sí ìdánwò ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ 120, ó lé ní mẹ́tàdínlógójì, tíṣà míì ò ní lo ìyẹn tán lọ́dún kan. Ìgò àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o, torí díẹ̀ nínú ẹ̀ máa kún inú àwọn rọ́bà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má pe ọlọ́jà lólè nítorí ìyẹn. L3210 jọ ọ́ gan-an, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní wáífáì, okùn USB nìkan ló ń lò, bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ fi máa tẹ̀wé ẹ fi L3210 sílẹ̀.

Wàyí o, àrùn táǹkì. Ó fẹ́ kí ẹ máa lò ó. Íǹkì inú àwọn ihò tíntìntín tó ń gbà jáde máa ń gbẹ tó bá ti jókòó lásán, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè èèyàn gan-an ń bó, ẹ lè tì í ní December kẹ́ ẹ wá ṣí i ní January kó máa tẹ ìwé tó ní ìlà funfun gbọọrọ gbọọrọ láàárín. Ẹ̀rọ ní ọ̀nà tó fi ń fọ orí ara ẹ̀, ṣùgbọ́n íǹkì yín ló fi ń fọ̀ ọ́, íǹkì ìfọ̀ yẹn sì ń lọ sínú fóòmù kan nísàlẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ tí fóòmù yẹn bá kún, pírìntà máa dá iṣẹ́ sílẹ̀. Lára àwọn Canon G tuntun kan, ẹ lè ra òmíì kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ fúnra yín, ti L3250 ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe lẹ máa gbé e lọ. Béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó, ọlọ́jà ò ní sọ fún yín.

Èyí tí mo ní mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ ńkọ́? A ń kó kúrò ní àdúgbò Ìgbọ̀nà lọ sí Òkè-Fìà, mo rò pé pírìntà kékeré lásán ni, mo gbé e gun ọ̀kadà, torí ó fẹ̀ mo dà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí itan mi bí ìgbà tí èèyàn gbé àpótí. Ká tó dé ibi tí ọ̀nà ti dáa, mo ti ń gbọ́ tútù lórí orúnkún. Pupa ni. Ṣòkòtò funfun tí mo wọ̀ lọ kí àwọn àna mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òun náà ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó tún burú ju ti ṣòkòtò lọ ni pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú àwọn rọ́bà, nígbà tí mo tàn án nílé pupa ò jáde rárá, gbogbo ojú èèyàn inú fọ́tò di àwọ̀ ewé. Mo fọ orí ẹ̀, mo tún fọ̀ ọ́, ìgò pupa lọ sílẹ̀ tó ìdá mẹ́rin kó tó bọ̀ sípò. Torí náà bẹ́ ẹ bá ń gbé táǹkì, ẹ gbé e bí ẹni gbé ìkòkò ọbẹ̀, kó dúró ṣánṣán, nínú mọ́tò, kì í ṣe lórí ọ̀kadà.

Aró àti ọ̀dà

Ibi tí àwọn èèyàn kì í wò nìyí, ọmọ Òṣogbo ló sì yẹ kó tètè yé jù, ṣebí ìlú aró ni wọ́n ń pè wá. Íǹkì pírìntà jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan ń ṣe bí aró, ó ń mu wọ inú bébà bí ẹ̀lú ṣe ń mu wọ aṣọ, dye ni wọ́n ń pè é. Èkejì ń ṣe bí ọ̀dà tí wọ́n fi kun ògiri, orí bébà ló máa ń jókòó sí, ìyẹn ni pigment. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé aró àdìrẹ tó dáa kì í ṣí tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n aró pírìntà yìí, omi kan ṣoṣo tó bá kán sí i, ó ti ṣí.

Mo rí ti ẹ̀gbọ́n mi kan náà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n lọ tẹ̀ níta kí wọ́n tó ní tiwọn, òjò bá wọn ní ìdúró mọ́tò, ìkán omi méjì péré ló wọ inú fáìlì. Nígbà tí wọ́n máa yọ ọ́, ìlà tí orúkọ wọn wà ti tú ká bí ìgbà tí wọ́n da omi sí ẹsẹ̀ ìkòkò aró, dúdú ẹ̀ ti di búlúù, búlúù ti di àlùkò, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nìkan ló ṣe é kà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ kàn wò wọ́n.

Ẹni tí ìwé pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ju fọ́tò lọ, pírìntà tí dúdú ẹ̀ jẹ́ pigment ni kó wá. Àpẹẹrẹ ni àwọn Canon G tó ń lo íǹkì GI-790, dúdú wọn pigment, kọ́lọ̀ mẹ́ta yòókù dye. Bẹ́ ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ò mọ èyí tó jẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ ìlà kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ki ìka bọmi kẹ́ ẹ fà á lórí ẹ̀. Ẹ ó rí i lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ kò sí ohun tó dáa tán. Dúdú pigment yìí kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ bébà fọ́tò tó ń dán, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi irú pírìntà bẹ́ẹ̀ tẹ fọ́tò sórí glossy, ó sábà máa ń pa dúdú tì, á po búlúù, pupa àti yẹ́lò papọ̀ kó tó rí ohun tó máa fi ṣe dúdú. Dúdú àpòpọ̀ yìí kì í dú tán. Irun, aṣọ etù, ojú àwọn èèyàn wa tó dúdú minimini, ibẹ̀ lẹ ó ti rí i, á dà bíi kọfí tó ṣàn díẹ̀. Ẹlòmíì ò ní kíyè sí i. Èmi kíyè sí i.

Lésà ńkọ́?

Lésà ò ní íǹkì rárá. Tónà ló ní, ìyẹ̀fun ni, ooru ló sì fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Ìyẹ̀fun kì í gbẹ torí ó ti gbẹ látilẹ̀ wá, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ padà dé láti Èkó, kẹ́ ẹ tàn án, kó tẹ̀wé bí ẹni tí kò sùn rí. Omi ò lè ṣe lẹ́tà ẹ̀ ní nǹkan kan. Lẹ́tà ẹ̀ mú, ó yára, tónà kan máa ń pẹ́: HP LaserJet P1102 tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń lò, tónà 85A ẹ̀ ń tẹ 1,600. Èyí tó kéré jù ú, LaserJet 107w, 1,000 ni tónà tẹ́ ẹ máa rà, ṣùgbọ́n èyí tó bá a wá nínú páálí 500 péré ni, ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn.

Tó bá jẹ́ ìwé dúdú nìkan, ti ìwé ìpàdé ìjọ, ìbéèrè ìdánwò, lẹ́tà, tẹ́ ẹ sì ń lò ó ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lójoojúmọ́, lésà ò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ibi tó ti wá ń bá wa fà á, iná ni.

Pírìntà táǹkì ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 12 tàbí díẹ̀ lé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, gílóòbù LED kan nìyẹn. Lésà kékeré ń jẹ wáàtì 300 sókè nígbà tó bá ń tẹ̀, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ibi tó ń yan bébà, ó lè fò ju ìyẹn lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Jẹnẹ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour, wáàtì 650 ni ó sábà máa ń gbé, ẹ so lésà mọ́ ọn pẹ̀lú fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó gbọ́ bó ṣe máa mí kanlẹ̀, gílóòbù á pa ojú dé, á tún là á. Ínfátà kékeré lè bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ti ń pa òun. UPS tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà, àwọn tó ṣe é fúnra wọn máa ń kìlọ̀ pé kẹ́ ẹ má so lésà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì ẹ̀. Ilé tó jẹ́ pé sólà kékeré ni wọ́n gbára lé, táǹkì máa bá wọn gbé, lésà ò ní bá wọn gbé.

Iná tó lọ lójijì náà yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí lésà ń ṣiṣẹ́, bébà á há síbi tó gbóná, ẹ ní sùúrù kó tutù kẹ́ ẹ tó fà á jáde, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Tó bá jẹ́ táǹkì, orí ẹ̀ á dúró sí àárín ọ̀nà láìní ìdérí, á sì máa gbẹ, nítorí náà tí iná bá ti dé ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan kó lọ bo ara ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi bọ́tìnnì ara ẹ̀ pa á. Bọ́tìnnì ara ẹ̀ o! Kì í ṣe ti ara ògiri. Ọ̀pọ̀ ìfọ̀ orí tí àwọn èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti ara ògiri ló fà á.

Ẹni tó bá ní òun máa fi lésà tẹ fọ́tò, kò ní dáa, lésà kọ́lọ̀ wà lóòótọ́, ó dáa fún ìwé ìpolówó àti àwòrán inú ìwé, àmọ́ ojú èèyàn inú ẹ̀ máa ń rí pẹrẹsẹ, kò ní ìjìnlẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ ki bébà glossy tí wọ́n ṣe fún íǹkì bọ inú ẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa kan ṣe é ní ọ́fíìsì bàbá ẹ̀, ibi tó ń yan bébà yẹn máa ń gbóná tó nǹkan bí 200 ní dígírí Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì, ohun tó ń dán lára bébà yẹn yọ́, ó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ yíká bí àmàlà tó lẹ̀ mọ́ orógùn, a gbọ́ òórùn ike tó ń jó dé ìta. Nígbà tí wọ́n tú u, bébà àti ẹ̀rọ ti di ọ̀kan. Owó àtiṣe ẹ̀ ò jìnnà sí owó òmíì.

Fọ́tò gan-an

Mo ti sọ táǹkì aláwọ̀ mẹ́rin. Ó ń ṣe fọ́tò, ó sì ń ṣe é débi tó máa tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Èyí tó ga jù ú ni aláwọ̀ mẹ́fà, bíi Epson L805 àti L8050, wọ́n fi búlúù tó ṣí àti pupa tó ṣí kún mẹ́rin yẹn. Ibi tí ẹ ó ti rí i ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, tàbí ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí àwọ̀ ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, aláwọ̀ mẹ́rin lè ní àwọn àmì tótòtó níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, aláwọ̀ mẹ́fà á dán gbọlọjọ. Ṣùgbọ́n L805 àti L8050 ò ní síkáànì, wọn ò lè ṣe fọ́tókọ́pì, ìgò íǹkì mẹ́fà lẹ ó sì máa rà. Oníṣẹ́ fọ́tò ni mo máa ní kó rà á, tàbí ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Èyí tí kò ní íǹkì tó ṣàn rárá tún wà, bíi Canon SELPHY CP1500, ó kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó búrẹ́dì kékeré kan. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi àwọ̀ kùn ló wà nínú ẹ̀. Bébà á jáde, á wọlé, ìgbà mẹ́rin: yẹ́lò kọ́kọ́, lẹ́yìn ẹ̀ pupa, lẹ́yìn ẹ̀ búlúù, ẹ ó máa wo ọmọ náà bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jáde nínú ìkùukùu, ìgbà kẹrin á fi nǹkan tó mọ́ gaara bò ó, òun ni kì í jẹ́ kí omi ràn án. Nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 41 ló máa gbà fún fọ́tò kan. Bébà àti ike ẹ̀ papọ̀ ni wọ́n ń tà á, páálí tí wọ́n ń pè ní RP-108 jẹ́ fọ́tò 108, ẹ pín owó páálí sí 108, ẹ ti mọ iye tí fọ́tò kan ń jẹ yín, kò sí àdàlù kankan. Kò sí íǹkì tó máa gbẹ. Wọ́n tún ń ta bátìrì ẹ̀ lọ́tọ̀, oníṣẹ́ fọ́tò tó bá fẹ́ fún àwọn èèyàn ní fọ́tò wọn lójú ẹsẹ̀ níbi ọdún Òṣun lóṣù Kẹjọ, òun ni kó gbé. Àmọ́ lẹ́tà A4 kan ṣoṣo kò lè tẹ̀, eruku sì ni ọ̀tá ẹ̀, àmì funfun kan lórí iwájú orí ìyàwó ti bà á jẹ́. Ẹ wádìí ní ṣọ́ọ̀bù bóyá wọ́n ń rí páálí 108 yẹn tà kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ ẹ̀, torí tí ìyẹn bá tán, ohun ọ̀ṣọ́ lásán lẹ rà sórí tábìlì.

Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé fọ́tò tẹ́ ẹ ń tẹ̀ kì í ju ti Iléyá, Kérésì àti ọjọ́ ìbí ọmọ lọ, èmi ní tèmi, ẹ mú fọ́tò yẹn lọ sí ilé fọ́tò láàárín ìlú, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra pírìntà tó mọ ìwé ṣe. Ìtìjú ò sí níbẹ̀.

Ohun tó ń ba fọ́tò jẹ́ jù, pírìntà kọ́, bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ ni àti ohun tí wọ́n yàn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó rán an. Fọ́tò 4x6, kó tó lè mú dáadáa, nǹkan bíi píksẹ́lì (àwọn àmì tótòtó tó para pọ̀ di fọ́tò) 1,200 ní ìbú, 1,800 ní gígùn ló yẹ kó ní, A4 sì jẹ́ nǹkan bíi 2,480 ní ìbú, 3,508 ní gígùn. Ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Ìkejì, ẹ sọ fún pírìntà pé bébà fọ́tò lẹ fi sí i. A dán an wò nílé ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò ìkómọ kan náà, bébà glossy kan náà. Ìgbà àkọ́kọ́, a gbàgbé, ó wà lórí plain paper, ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, aṣọ òkè alárí tí bàbá ọmọ wọ̀ rí bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ nígbà ogún. Ìgbà kejì, a yan glossy, a yan quality tó ga jù, ó lọ́ra, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ gbálé, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, òwú wúrà tí wọ́n fi dárà sára fìlà yẹn, ẹ lè kà á níkọ̀ọ̀kan. Bébà lásán tí à ń lò fún ìwé jẹ́ 80 gsm, ìyẹn bó ṣe wúwo sí, ẹ wá 180 sókè fún fọ́tò, ojú tó ń dán ni kó kọ ibi tí íǹkì ti ń bọ́, lára Epson àti Canon táǹkì tí mo dárúkọ tó ń gba bébà láti ẹ̀yìn, ojú dídán máa kọjú sí yín. Tó bá jáde ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, á ṣí.

Àwọn tó ń béèrè ti pásípọ́ọ̀tù, 35 mm ní ìbú, 45 mm ní gíga ni ìwọ̀n ẹ̀, mẹ́jọ máa wọ bébà 4x6 kan.

Àwọn kékeré tó kù

Síkáànì àti fọ́tókọ́pì, ẹ rà á mọ́ ọn, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà NIN àti ìwé ẹ̀rí wá láàárọ̀ Monday ló máa yé yín.

Wáífáì ọ̀pọ̀ nínú àwọn pírìntà kékeré wọ̀nyí, L3250 náà wà níbẹ̀, sígínàlì 2.4 GHz nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Tó bá jẹ́ hotspot fóònù lẹ fẹ́ fi so ó tí kò sì rí i, ẹ lọ wo settings fóònù yín bóyá 5 GHz ló wà, ó lè jẹ́ òun ni. Ọ̀pọ̀ wọn tún ní Wi-Fi Direct, fóònù á bá pírìntà sọ̀rọ̀ láìsí dátà kankan láàárín.

Tòkunbọ̀, lésà tòkunbọ̀ mo lè rà, kí wọ́n tẹ ojú ìwé ìròyìn ara ẹ̀ jáde fún mi kí n mọ iye tó ti tẹ̀ láyé. Táǹkì tòkunbọ̀ tó ti gbẹ nínú páálí, rárá o, kódà tí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ màá rò ó.

Ní ìgbà òjò, bébà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, á rọ̀, á máa há. Ẹ dì í padà sínú náílọ́ọ̀nù ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ra èyí tí owó ẹ̀ kéré lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sì ra èkejì náà, wọ́n lọ sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ra Canon G kan tí dúdú ẹ̀ jẹ́ pigment, torí ìwé ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wọn àti torí sólà kékeré tó wà lórí òrùlé wọn, fọ́tò ìkómọ yẹn la sì fi ṣí i. Ọmọ tó ni ìkómọ, tó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, ló dúró tì wá, ó gbà á lọ́wọ́ wa kó tó gbẹ, àtàǹpàkò ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀ dòní. Aago fóònù ẹ̀gbọ́n mi máa ń dún ní gbogbo alẹ́ Friday, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "fún pírìntà lóúnjẹ", wọ́n á dìde lọ tẹ bébà kọ́lọ̀ kan, wọ́n á padà wá jókòó.